Ẹ Má Ta Ìtàn Wa Bí Àlòkù Irin

Ẹni tó bá sọ ní gbangba nílẹ̀ yìí pé iṣẹ́ gidi ni kí èèyàn dúró lẹ́bàá ojú irin, kí ó gbé kámẹ́rà dání, kí ó máa retí ọkọ̀ ojú irin eléèéfín tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ, ẹ̀rín ni wọn yóò fi rín in. Wọn yóò ní ebi kò pa á, wọn yóò ní ó ti bá òyìnbó gbé jù. Bí ó bá wá jẹ́ ọmọ Ìjerò, Arámọ̀kọ tàbí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ẹ̀rín náà yóò di ìlọ́po méjì, nítorí pé kò sí ojú irin kankan tó gba àárín òkè wa kọjá rí. Kí ló kan ẹni tí kò ní odò nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi? Èmi kò ní bá wọn rín ẹ̀rín yìí. Mo gbà pé ẹ̀rín náà gan-an ni àrùn wa, mo sì gbà pé ó yẹ ká wò ó sàn kí àgbà tó kẹ́yìn nínú àwọn tó mọ bí a ti ń dáná sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó papò dà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn tí à ń fi ṣẹ̀sín ń ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1968 ni wọ́n dáwọ́ ọkọ̀ eléèéfín dúró lójú irin ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì àti iná mọ̀nàmọ́ná gba ipò wọn. Bí ó bá ṣe pé ọ̀dọ̀ wa ni, ibẹ̀ ni ìtàn ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n àwọn aráàlú kò gbà. Ní 1971, wọ́n tún rí àyè gbé ọkọ̀ eléèéfín kan padà sójú irin ńlá. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Flying Scotsman, tí wọ́n kọ́ ní Doncaster ní 1923, padà sẹ́nu ìrìn ní 2016 lẹ́yìn àtúnṣe tó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan tilẹ̀ dá owó jọ láàárín ara wọn, wọ́n kọ́ ọkọ̀ eléèéfín tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n sọ ọ́ ní Tornado, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2008. Kì í ṣe ìjọba ló rán wọn níṣẹ́. Olùkọ́ ni ẹlòmíràn nínú wọn, akọ̀wé ni ẹlòmíràn, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀.

N kò ní pọ́n wọn kọjá bó ti yẹ. Nígbà tí Flying Scotsman padà dé ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn kan fi ìwàǹwára bọ́ sórí irin láti yà á sí fídíò, wọ́n sì dá ọkọ̀ náà dúró lọ́nà. Ìwà òmùgọ̀ ni ìyẹn. Ẹni tó fi ẹ̀mí wéwu nítorí àwòrán kò bọlá fún ohun tó ń yà. Àmọ́ bí alágbàtà kan bá ń fi òṣùwọ̀n èké wọn gàrí, ṣé a ó wá sọ pé ọjà títà ni kò dára?

Ìdí tí fídíò fi ṣe pàtàkì kò ṣòro láti rí. Ọkọ̀ eléèéfín kì í ṣe irin lásán. Iná ń jó nínú àyà rẹ̀, omi ń hó nínú ìkòkò irin ńlá, agbára oru omi náà ni ó sì ń ti irin síwátìsẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń yí. Ó ń mí, ó ń fọn fèrè, ó ń kérora bí ó bá ń gun òkè. Kò sí irú ọkọ̀ mìíràn tí Yorùbá fetí gbọ́ tí wọ́n sì fi ẹnu ṣàpèjúwe ìró rẹ̀ bíi tirẹ̀: fàkàfìkì, fàkàfìkì. Bí a bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró sínú àgbàlá, tí òjò ń pa á, a ti pa á lẹ́ẹ̀kejì. Ìlù tí a fi kọ́ ara ògiri kò sọ ọ̀rọ̀ kankan fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ìbéèrè ti Èkìtì. Irin tí òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Kò wá sí ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n àwa lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Òṣogbo ti di ẹnu ọ̀nà tí ẹrù Ìjẹ̀ṣà àti ti Èkìtì ń gbà lọ sí Èkó. Orí ènìyàn ni ẹrù wọ̀nyí ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè kí mọ́tò tó gbòde. Àwọn òṣómàáló, aláṣọ Ìjẹ̀ṣà tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, ara ojú irin yẹn ni òwò wọn fi gbilẹ̀. Ojú irin yìí kan náà ni ọmọ Èkìtì gbà lọ wá iṣẹ́ sí Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Kánò. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ rélùwéè kò kan Ìjerò, kí ó lọ bi àwọn arúgbó ilé rẹ̀ léèrè ọ̀nà tí owó tí wọ́n fi kan páànù àkọ́kọ́ gbà dé.

Ẹ sì jẹ́ kí n mú ẹ̀rí tó súnmọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ eléèéfín tí ń tẹ títì fún iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ọ̀nà, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkejì. Ìtàn ìjọ rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́, pé ibẹ̀ ni ó sì ti gbọ́ ìpè rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni ibojì rẹ̀ wà títí dòní. Yálà òǹkàwé jẹ́ ọmọ ìjọ náà tàbí kò jẹ́, kí ó ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Ẹ̀rọ eléèéfín kan ṣoṣo ló kọ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ọgọ́rùn-ún ọdún sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, síbẹ̀ ọmọdé Ẹ̀fọ̀n lè rò ó fún ọ láìwòwé, nítorí pé àwọn ènìyàn kan ò dákẹ́ ẹ̀rí rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó gbé ẹrù wa àti ọmọ wa fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí yẹn ni àwọn tó ń gbé kámẹ́rà dúró lẹ́bàá irin ń gbìyànjú láti jẹ́.

Ta ló sọ fún wa pé àṣà òyìnbó ni kí a máa tọ́jú ohun tó ń kọjá lọ? Nínú ẹsẹ Ifá, orúkọ Alárá àti Ajerò kò kúrò lẹ́nu babaláwo; Arámọ̀kọ àti Ìjerò wà nínú ìrántí gbogbo Yorùbá kí a tó mọ ìwé kíkọ. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ayé mọ̀ sí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀. Nígbà tó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkéré, kò yà sí àtijọ́ nìkan. Ó gbẹ́ òyìnbó àjẹ́lẹ̀ náà, Ambrose, bí àwọn aláàárù ti gbé e sórí ibùsùn ìgbérù, ó sì gbẹ́ àwọn tó gbé e pẹ̀lú. Ohun ìrìnnà tuntun ìgbà náà ni Ọlọ́wẹ̀ yà sára igi, ó sì fi ojú ẹni tó ru ẹrù hàn. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá kan ní Wembley. Wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n kàn ní ìlú òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà, ilẹ̀kùn sì di ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba wọn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí: wọ́n tọ́jú ọkọ̀ tiwọn, wọ́n sì tọ́jú ilẹ̀kùn tiwa. Kí ni àwa tọ́jú?

Àwọn kan yóò dáhùn pé ẹrú ni ọkọ̀ náà wá fi wá ṣe, pé kí ló dé tí a ó fi máa tún ohun ìnilára ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àtakò yìí ju ẹ̀rín lọ. Òótọ́ ni pé òyìnbó kò tẹ́ irin nítorí ìfẹ́ wa. Nítorí òwò àti agbára ni. Ṣùgbọ́n ta ló tẹ́ ẹ? Ta ló ń kó èédú sínú iná? Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn, wà níwájú nínú ìyanṣẹ́lódì ńlá ọdún 1945 tó lé ní 40 ọjọ́, tó sì jẹ́ kí ìjọba amúnisìn mọ̀ pé ọwọ́ tí ń wa ọkọ̀ lè dá a dúró. Èédú tí ń sun nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn, láti Enúgù ni ó ti ń wá. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà ní Iva Valley, ènìyàn 21 sì kú. Bí a bá yọ́ ọkọ̀ náà, ìyà wọn kọ́ ni a pa rẹ́. Ẹ̀rí ìyà náà ni a pa rẹ́. Amúnisìn ni yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo Eritrea. Àwọn ará Ítálì ló kọ́ ojú irin tó ti etí òkun ní Massawa gun òkè lọ sí Asmara, ìlú tó ga ju 2,300 mítà lọ. Ogun bà á jẹ́, àwọn ọmọ ogun hú irin rẹ̀ fi kọ́ ibi ìfarapamọ́ wọn. Lẹ́yìn òmìnira ní 1993, wọn kò ní ti òyìnbó ni, kí ó máa lọ. Wọ́n pe àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kó irin jọ padà, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe títí ọkọ̀ eléèéfín fi tún gun òkè náà. Ní 2003 ni iṣẹ́ parí. Láti òkèèrè ni àwọn ènìyàn ń sanwó wọkọ̀ òfuurufú wá láti yà á sí fídíò. Ní Íńdíà pẹ̀lú, ojú irin kékeré Darjeeling tí wọ́n ṣí ní 1881, lábẹ́ amúnisìn kan náà tó mú àwa, ti wà nínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ti UNESCO láti 1999. Ṣé Íńdíà àti Eritrea kò mọ ìtumọ̀ òmìnira ni?

Àtakò kejì ni ti owó. Wọ́n ní ebi ń pa wá, ọ̀nà wa ti bàjẹ́, rélùwéè tí yóò kó iṣu ni ká wá, kì í ṣe èyí tí yóò kó èéfín. Èmi náà fẹ́ èyí tí yóò kó iṣu. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ mú irin gba Arámọ̀kọ lọ́la, n ó wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ jó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí a mú owó ọ̀nà fi ra èédú. Ohun tí mo ń bèèrè kò ju ọkọ̀ kan lọ, pẹ̀lú ojú irin tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irin àtijọ́ náà, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀, ṣì dùbúlẹ̀ láàárín Èkó, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo. Nígbà ìṣèjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní Ọ̀ṣun, láàárín 2010 sí 2018, orí rẹ̀ ni ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ọdún ń gbà gbé èrò láti Èkó wá sí Òṣogbo. Ní 2021, ojú irin tuntun tó fẹ̀ jù ú lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Èkó àti Ìbàdàn, inú wa sì dùn. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Aṣọ tuntun ti dé. Ta ni yóò tọ́jú àkísà tó sọ irú ẹni tí a jẹ́?

Àwọn mìíràn yóò ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti tó. Mo kí ẹgbẹ́ Legacy tó tún ilé Jaekel ṣe ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, tó sì kó àwòrán àti irinṣẹ́ rélùwéè jọ síbẹ̀. Bí kò bá sí tiwọn, ìwọ̀nba tó kù ì bá ti lọ. Ṣùgbọ́n àwòrán kò lè kọ́ ọmọ ní bí a ti ń mọ̀ pé omi fẹ́ tán nínú ìkòkò irin, tàbí ìgbà tí a ń dín iná kù kí ọkọ̀ tó sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọwọ́ ni ìmọ̀ yẹn wà, ọwọ́ tó ní in sì ti ń gbọ̀n. Lónìí, kò sí ọkọ̀ eléèéfín kan ṣoṣo tí ń rìn lójú irin ńlá Nàìjíríà.

Nítorí náà, iléeṣẹ́ rélùwéè ló kọ́kọ́ kàn: kí wọ́n má ṣe ta ẹyọ kan mọ́ nínú àwọn ọkọ̀ eléèéfín tó bá kù fún àwọn tí ń ra àlòkù irin, kí wọ́n sì yan ọ̀kan tí a lè jí dìde. Lẹ́yìn wọn, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tí irin àtijọ́ gbà kọjá, kí wọ́n dáwó sí i, nítorí èrò tí yóò wá wò ó yóò jẹun, yóò sì sùn nílé wọn. Ó kan àwọn onífíìmù wa tí ń fi mọ́tò tuntun ṣe eré ayé àtijọ́. Ó sì kan àwọn ọ̀dọ́ Ìjerò, Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, tí fóònù kò kúrò lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n wá àwọn àgbà tó rin ìrìn Òṣogbo, tó wọ ọkọ̀ lọ sí Kánò, tó ṣiṣẹ́ rélùwéè, kí wọ́n yà wọ́n sí fídíò nísinsìnyí tí ohùn ṣì ń jáde lọ́rùn wọn. Ìyẹn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ó rín in tẹ́rùn. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé alápatà irin kì í fi owó àlòkù pa dà: irin tí a bá ti yọ́ kì í fọn fèrè mọ́.