Ọ̀nọ́rébù, Káàdì Yín Dà?

   

Nígbàkígbà tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, àwọn aṣòfin wa máa ń rántí ọ̀nà ọjà. Wọ́n á kó ìlù wá, wọ́n á pín ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n á pín maṣíìnì ìránṣọ, wọ́n á pín ìrẹsì tí fọ́tò wọn wà lára àpò rẹ̀. A ò ní purọ́, àwa náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: ṣé ìrẹsì la rán wọn lọ rà ní Àbújá?

Iṣẹ́ mẹ́ta la rán aṣòfin. Èkíní, kó ṣòfin. Èkejì, kó bá wa sọ ohun tó ń dùn wá níbi tí ẹnu wa ò lè dé. Ẹ̀kẹta, kó máa ṣọ́ owó ìjọba bí olóúnjẹ ṣe ń ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó jẹ́ ẹ tàbí kò jẹ́ ẹ?

Gbogbo wa la mọ bí àjọ ojoojúmọ́ ṣe rí. Alájọ á dé, á gba owó, á fa igi sórí káàdì. Tí oṣù bá parí, káàdì ló máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu alájọ. Tí alájọ kan bá ní ká máa kó owó wá, pé òun ò ní fa nǹkan kan sórí káàdì, ṣé a máa gbà? A ò ní gbà láéláé. Síbẹ̀ ìbò wa, tó ju owó àjọ lọ, a máa ń kó o fún èèyàn fún ọdún mẹ́rin gbáko, a ò ní béèrè káàdì.

Káàdì aṣòfin ni ìbò tó ń dì nínú ilé, ọjọ́ tó jókòó níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ àti àbádòfin tó gbé wá. Ibi tí wàhálà wà ni pé ohùn ni wọ́n fi ń dìbò lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó wà lórí àga á ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn wí, wọ́n á pariwo. Á ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn wí, àwọn yẹn náà á pariwo. Á lu òòlù mọ́ tábìlì, ó parí nìyẹn. Kò sí orúkọ ẹnì kankan nílẹ̀. Ẹni tó pariwo "rárá" lè délé wá sọ fún wa pé "bẹ́ẹ̀ ni" lòun pè. Ta ló máa já irọ́ rẹ̀?

Ọ̀nà mìíràn wà o. Aṣòfin lè dìde, kó ní kí wọ́n ka ìbò náà lórúkọ-lórúkọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní ọjọ́ 15, oṣù Keje, ọdún 2021, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ń jíròrò bóyá kí INEC máa fi ẹ̀rọ fi èsì ìbò ránṣẹ́. Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe ló ní kí wọ́n kà á. Wọ́n kà á: 52 ní àfi kí àjọ NCC, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, àti Ilé Aṣòfin kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, 28 ní kí wọ́n fi INEC sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀, 28 mìíràn ò sí nílé rárá. Orúkọ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn, ariwo sọ káàkiri ìlú. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ilé kan náà yí ìpinnu padà, wọ́n ní kí INEC fúnra rẹ̀ pinnu.

Èyí tó kan àwa obìnrin jù ni ti ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, ọdún 2022. Àbá kan wà nílẹ̀ pé kí wọ́n fi àga 111 kún ilé méjèèjì ní Àbújá, kó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, 81 gbà, 208 kọ̀. Ilé Àgbà náà dà á nù. Àwọn obìnrin lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà Ilé Aṣòfin, wọ́n fẹ̀hónú hàn. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Ilé Aṣojú-ṣòfin fi gbà láti tún mẹ́ta yẹ̀ wò nínú àwọn àbá obìnrin tí wọ́n ti dà nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àga yẹn ò sí lára wọn. Nínú 208 yẹn, ṣé ti agbègbè yín wà níbẹ̀? Ta ni nínú wa ló béèrè?

Òfin ọdún 1999 ò fi wá sílẹ̀ lásán. Ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan jókòó ó kéré tán ọjọ́ 181 lọ́dún. Aṣòfin tí kò bá yọjú fún ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó lọ láìnídìí, àga rẹ̀ lè bọ́. A tún lè pè é padà wálé, tí ó bá ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní agbègbè rẹ̀ lọ tó buwọ́ lù ú, tí wọ́n sì borí nínú ìbò tí INEC bá ṣe lé e. Ṣùgbọ́n kò rọrùn. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fún sẹ́nétọ̀ ìwọ̀-oòrùn Kogi. Nígbà tí INEC yẹ ìbuwọ́lù wò lọ́dún 2018, kò pé rárá. Torí náà, kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ wa ló yẹ ká ti wọ̀n ọ́n.

A ò sọ pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n kò ṣiṣẹ́ o. Iṣẹ́ pọ̀ nínú àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké tí ojú wa kì í tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbádòfin rẹpẹtẹ kọ́ ni iṣẹ́ rẹpẹtẹ. Kíkà àkọ́kọ́, àkọlé rẹ̀ ni wọ́n kàn ń kà. Ó di ìgbà tó bá la kíkà kejì àti ẹ̀kẹta já, tí ilé kejì náà gbà á, tí Ààrẹ buwọ́ lù ú, kó tó dòfin. Ẹni tó bá ní òun gbé ogún wá, ẹ bi í pé mélòó ló dòfin. Agbọ̀n tòmátò tí wọ́n kó ewé sí nísàlẹ̀, òkè rẹ̀ nìkan ló dáa.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé. Tí aṣòfin bá dé ọjà wa, ẹ kí i dáadáa, ọmọ wa ni. Lẹ́yìn náà kí olórí ìsọ̀ kan bi í pé: "Ọ̀nọ́rébù, ọjọ́ mélòó lẹ jókòó nílé lọ́dún tó kọjá? Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ obìnrin délé, apá ibo lẹ wà? Owó ọ̀nà àti omi wa tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ibo ló dé?" Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, ká tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí bó ṣe wí i gẹ́lẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn, ká kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Ẹni tó bá ṣe dáadáa, ká yìn ín, ká tún rán an lọ. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá ṣófo, kó jókòó sílé. Àpò ìrẹsì kan ò lè pé oṣù kan nílé wa. Òfin tí wọ́n bá ṣe, abẹ́ rẹ̀ làwọn ọmọ-ọmọ wa máa gbé.

Ajé á máa wá wa wá o. Ire o.