Ta Ni Àjẹ́ Àná?

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí kò fẹ́ àlàyé, ọmọdé pàápàá mọ ibi tó ń lọ. Ibi tí wọ́n ń gbé e lọ báyìí ló ń bí mi nínú. Kí wọ́n sáà ti gbọ́ pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú ọmọ ọdún mẹ́ta kan, kíá ni ohùn á ti máa lọ láti orí fóònù dé orí fóònù: ṣé ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ àjẹsára? Ó gbà á. Ẹjọ́ ti parí nìyẹn, ọwọ́ ti tẹ àjẹ́. Irọ́ gbáà ni. Nílẹ̀ Nàìjíríà, ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ ní kété tí wọ́n bá bí i, ó tún ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, kó tó kan ti èéyi ní oṣù kẹsàn-án. Irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ALL, ọdún méjì sí márùn-ún ló máa ń yọjú jù. Báwo ni abẹ́rẹ́ kò ṣe ní ṣáájú rẹ̀? Ìsọmọlórúkọ náà ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n fẹ̀sùn kan òun náà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá ń wá àjẹ́ tó ké ní tòótọ́, kó padà sẹ́yìn dé inú oyún. Ní Ìlú Ọba, tí wọ́n bá bímọ, wọ́n á gún un ní gìgísẹ̀, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí káàdì, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á sì fi pamọ́. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Mel Greaves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London yẹ̀ wò, ti àwọn ọmọ tí àrùn yìí padà mú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ náà ni wọ́n ti bá ìyípadà àbùdá tó ṣílẹ̀kùn fún àrùn, wọ́n sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní ọdún 1999. Ọmọ kò tíì jáde sáyé tí àjẹ́ ti ké.

Síbẹ̀ igbe yẹn nìkan kò tó. Nǹkan bí ọmọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń bí pẹ̀lú ìyípadà yìí, bẹ́ẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn, àrùn náà kì í sábà mú ju ẹyọ kan lọ. Àlàyé tí Greaves kó jọ ní ọdún 2018 ni pé ọmọ tí ara rẹ̀ kò bá kòkòrò wẹ́wẹ́ pàdé lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀kọ́. Nígbà tí àìsàn kékeré bá wá dé lẹ́yìn náà, wọ́n á bínú kọjá ààlà, ibẹ̀ sì ni ìbàjẹ́ kejì ti ń wọlé. Àwọn tó kórìíra abẹ́rẹ́ ti gbá èyí mú: wọ́n ní ṣebí abẹ́rẹ́ ló ń dí kòkòrò lọ́nà, òun ni kò jẹ́ kí ara kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, àmọ́ ó fi orí dúró. Ẹ̀kọ́ gan-an ni abẹ́rẹ́ jẹ́ fún ara. Ní California, ìwádìí ọdún 2005 rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ Hib kò fi bẹ́ẹ̀ ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó àwọn yòókù. N kò ní torí ìyẹn pe abẹ́rẹ́ ní oògùn jẹjẹrẹ, nítorí àwọn ìwádìí lórí rẹ̀ kò tíì fẹnu kò. Ṣùgbọ́n ẹ wo èéyi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe olùkọ́: ìwádìí ọdún 2019 lára àwọn ọmọ ilẹ̀ Netherlands tí kò gba abẹ́rẹ́ fi hàn pé èéyi nu ìdá 11 sí 73 nínú ọgọ́rùn-ún ohun ìjà tí ara wọn ti kó jọ. Olùkọ́ wo ló ń pa ìwé ọmọ rẹ́?

Ẹlòmíràn á ní kòkòrò ọ̀bọ wọ inú abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1955 sí 1963. Ó wọ̀ ọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì tọpa àwọn tó gbà á. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kò torí ẹ̀ pọ̀ sí i. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń tìtorí wọn pariwo ni ariwo náà ń pa lára. Ọmọ tó wà lórí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ èéyi, ara rẹ̀ kò gbà á. Abẹ́rẹ́ tí ọmọ àdúgbò gbà ló fi ń yè. Bí ìyá mẹ́wàá bá gbọ́ ohùn orí fóònù, tí wọ́n sì jókòó sílé, èéyi lè ti ibẹ̀ wá pa á. Ẹ̀yin òbí, bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ bá ń funfun, tí ibà kò lọ, tí erìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, tí eegun ń ro ó, tí ara ń ní àpá láìjẹ́ pé ó ṣubú, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání lọ.