Ìkòkò Ewé fún Ìbẹ́pẹ

Àkọ́rọ̀ òjò ni ó máa ń rán àgbẹ̀ Mọníyà létí irúgbìn. Ẹni tí ó bá gbé ìbẹ́pẹ kékeré inú ọ̀rá dúdú lọ sí oko lè rí i kí ó rọ lọ́jọ́ kejì. Yíya ọ̀rá náà ni ó já gbòǹgbò rẹ̀, ìbẹ́pẹ kì í sì í fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀. Owó àti làálàá á wá di òfo.

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè gbà wá. Ẹ fi í han iná díẹ̀ kí ó rọ̀, ẹ yí i mọ́ ìdí ìgò, ẹ ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ po bí ẹni ń pọ́n ẹ̀kọ, kí ẹ fi igi ìgbálẹ̀ gún un pọ̀. Ẹ yọ ìgò, ẹ kó ilẹ̀dú sí i. Ẹ fọ awọ yíyọ̀ ara kóró ìbẹ́pẹ dànù, nítorí òun ni ó ń dá híhù rẹ̀ dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, yóò hù.

Bí ó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ gbé e lọ sí oko ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ la ìdí ewé náà díẹ̀, kí ẹ sì gbìn ín tòun tewé. Ẹ bo etí ewé mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rá kì í jẹrà bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ewé yóò di oúnjẹ fún igi tí ó gbé dàgbà.