Ayàwòrán Tó Ń Kọ̀wé Kò Ṣẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwa olùkọ́ ní agbègbè Ìjàyè yìí, tó sì máa ń bí mi nínú: pé akẹ́kọ̀ọ́ tí orí rẹ̀ kò gba ìwé ni kí a darí sí iṣẹ́ ọnà. Èkejì rẹ̀ ni pé kí ayàwòrán máa ya àwòrán tirẹ̀, kí ó fi àríwísí sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Irọ́ ni méjèèjì.

Ẹ wo Délé Jẹ́gẹ́dẹ́, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí a bí ní ọdún 1945. Ó gba oyè onípele kìíní nínú àwòrán yíyà ní Zaria ní 1973. Láti 1974 sí 1977, ó jẹ́ olóòtú iṣẹ́ ọnà ní Daily Times, àwòrán ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, Kole the Menace, sì ń pa ará ìlú lẹ́rìn-ín. Ó di ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Indiana ní 1983. Ó ń ya àwòrán, ó sì ń ṣe àríwísí.

Èé ṣe tí èyí fi ṣe kókó? Ìdáhùn wà ní ìlú rẹ̀ gan-an. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Wembley ní 1924, wọ́n fi àga kan tí a ṣe ní Ìlú Ọba pààrọ̀ rẹ̀, ó sì di ti British Museum. Ilẹ̀kùn gbayì, ó pẹ́ kí àwọn tó gbà á tó mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀, nílé, oríkì Ọlọ́wẹ̀ kò kú lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Oríkì ti sọ̀rọ̀; ìwé ni kò sọ̀rọ̀.

Àwọn kan yóò ní ayàwòrán yóò ṣe ojúsàájú. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni kì í ṣe é? Ti ayàwòrán tilẹ̀ sàn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà níta tí a lè fi wọn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ohun tó kù ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ àríwísí iṣẹ́ ọnà wa jù lọ, àwa olùkọ́ Yorùbá ló sì jẹ̀bi. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá ya àwòrán tán, ẹ ní kí ó kọ ojú ìwé kan ní Yorùbá: kí ni mo yà, kí ló dé tí mo fi yà á, ibo ló kù sí? Bí a kò bá bẹ̀rẹ̀, àlejò ni yóò tún máa sọ ìtàn onílé.