Dírífù tí kọ̀ǹpútà kejì kò mọ̀

Bí a bá yọ dírífù lára kọ̀ǹpútà Windows, tí a kì í bọ Mac, fídíò inú rẹ̀ lè ṣí, kí Mac má sì gba fáìlì tuntun kankan sí i. Ọ̀pọ̀ á ní dírífù ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ìlànà tí a fi ń to fáìlì sínú rẹ̀ ló yàtọ̀. NTFS ni ti Windows. Mac lè kà á, ṣùgbọ́n kò lè dá kọ nǹkan sí i. Ní ti APFS tí Apple ń lò, Windows kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí Windows bá pàdé dírífù tí kò lè kà, ó sábà máa ń béèrè pé ṣé kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Ẹni tí ń kánjú á ní bẹ́ẹ̀ ni, ohùn bàbá àgbà tí a gbà sílẹ̀ kó tó kú á sì di àwátì. Ẹ má ṣe gbà fún un o! Ẹ yọ dírífù náà, kí ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Lérò tèmi, exFAT ló yẹ dírífù tí yóò máa rìn láàrin kọ̀ǹpútà méjì. FAT32 ti wà láti 1996, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ọkọ̀ ló sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó tó 4GB. Fídíò ìgbéyàwó wo ni yóò wọ̀ ọ́? Ní 2006 ni Microsoft gbé exFAT jáde. Mac gbà á ní 2010. Linux ló pẹ́ jù, nítorí ẹ̀tọ́ òfin tí Microsoft dì mú lórí rẹ̀, títí di 2019 tí ilé-iṣẹ́ náà tẹ ìlànà rẹ̀ síta fún gbogbo ayé. Ọdún mẹ́tàlá gbáko! Ọ̀rọ̀ owó ló mọ odi yẹn, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe.

Síbẹ̀, exFAT ní àléébù tirẹ̀. NTFS àti APFS ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dáàbò bo ètò wọn bí iṣẹ́ bá dúró lójijì. ExFAT kò ní in. Bí iná bá lọ lójijì, tàbí tí ẹnìkan bá fa dírífù yọ láì kọ́kọ́ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, gbogbo ètò inú rẹ̀ lè dàrú. Nítorí náà, ẹ fi í kó ẹrù, ẹ má fi í ṣe àká kan ṣoṣo tí ẹ ní. Ọjọ́ tí ẹ bá ra dírífù ni kí ẹ sì ti yan ìlànà rẹ̀, kí ẹ tó kó ohunkóhun sí i, torí pé àtipààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà sábà máa ń gba pé kí ẹ kó gbogbo ẹrù jáde ná.