Ṣé irọ́ la fẹ́ fi yin Ọlọ́run?

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ṣé inú ìjọ Ọlọ́run náà ló tún yẹ kó ti kùtà ni?

Lọ́dún 2004, àjọ NBC ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ní Nàìjíríà yéé gbé iṣẹ́ ìyanu tí wọn ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jáde. Àwọn kan ní wọ́n ń gbógun ti ìjọ. Lójú tèmi o, ìtìjú ńlá ni pé ìjọba ló ń kọ́ wa ní òtítọ́.

Jésù pe ara rẹ̀ ní òtítọ́. Ẹni tó wá ń fi irọ́ polówó rẹ̀, ta ló ń polówó gan-an? Ananíà àti Sáfírà kò jalè. Owó ilẹ̀ wọn ni. Irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ọrẹ ló kó bá wọn.

Ẹni tó gbọ́ ẹ̀rí èké lè tìtorí ẹ̀ da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ wádìí kí ẹ tó gbé máíkì fúnni. Tí ara ò bá tíì yá, ẹ jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀, ká jọ gbàdúrà sí i. Ìgbàgbọ́ náà nìyẹn.