Ilé Ẹyẹ Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Òkè Ilé

Ẹ̀yin ará, ìjà ni mo bá wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ na ara mi ní pàṣán kí n tó na ẹlòmíràn.

Ní Súrùlérè tí mò ń gbé, orí òrùlé kọnkéré ni ọgbà mi wà. Mo gbin tẹ̀tẹ̀, ata àti ewédú sínú àwọn garawa ọ̀dà tó ti ṣófo. Nígbà tí ewé wọn gbilẹ̀, àwọn ológoṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bà síbẹ̀. Inú mi dùn, ni mo bá ní kí n kan ilé fún wọn. Páànù tó ṣẹ́kù nígbà tí a ń tún ilé ṣe ni mo lò. Mo kùn ún ní ọ̀dà pupa, mo lu ihò tó tóbi bí ẹnu ife sí i, mo tún ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ abẹ́ ihò náà kí ẹyẹ lè rí ibi dúró sí. Kò sí àlejò tó gòkè wá tí kò yìn ín. "Ọ̀gá, èyí mà rẹwà o!"

Ológoṣẹ́ méjì wọlé, wọ́n yé, wọ́n sì pamọ. Ní oṣù Máàṣì, nígbà tí oòrùn ń jó ni bí iná, ọmọbìnrin mi ṣí ìdérí rẹ̀. Ọmọ ẹyẹ mẹ́ta ló ti kú gan-in sínú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, kí ló pa wọ́n?" Mo ní oòrùn ni. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ. Ṣé oòrùn ló kan ilé páànù ni? Èmi ni mo kàn án, nítorí ojú àlejò.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí irú ilé bẹ́ẹ̀ lórí òrùlé àwọn olówó, tó ń dán yinrin lábẹ́ oòrùn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹyẹ náà ló yẹ ká wò ká tó kọ́lé fún un. Ẹ̀gà kò fẹ́ àpótí yín. Imọ̀ ọ̀pẹ ló ń ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń hun ìtẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má ṣe gé ọ̀pẹ. Àdàbà náà kò wọ àpótí. Igi wẹ́wẹ́ ló ń tò sórí ẹ̀ka. Ológoṣẹ́ tó ń wá ihò ara ògiri àti abẹ́ òrùlé, òun la lè kan àpótí fún.

Kí a wá kàn án bí ó ti yẹ. Pákó ni, kì í ṣe páànù. Kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2, kí inú rẹ̀ má kùn. Ihò tí wọ́n ń lù fún ológoṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ju mìlímítà 32 lọ ní fífẹ̀, tiwa náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju tiwọn lọ. Kí ihò náà ga tó sẹ̀ǹtímítà 12 sí ìsàlẹ̀ àpótí, kí ọwọ́ ológbò má bàa tó ọmọ. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí omi lè jò jáde. Ẹ yọ igi ìdúró yẹn kúrò: èékánná ológoṣẹ́ lè di pákó mú, kannakánná ni ẹ ń tẹ́ àga fún. Abẹ́ òjìji táńkì omi ni kí ẹ gbé e kọ́ sí.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, àwo yín ni kò tó wọn. Ní ọdún 2005, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní trichomonosis bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ẹyẹ inú ọgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oúnjẹ àti omi tí itọ́ ẹyẹ tó ń ṣàìsàn bá ti kàn ni wọ́n fi ń kó o ran ara wọn. Ẹyẹ tó ń jẹ́ greenfinch dín kù débi pé, ní 2021, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ọ̀ràn wọn le jù níbẹ̀. Ẹ sì má ṣe da ọkà tó ti bu fún ẹyẹ. Ní 1960, ẹ̀pà tó ti bu, tí wọ́n kó wá láti Brazil, pa tòlótòló tó ju 100,000 lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Ẹ fọ àwo, ẹ da bàbà tàbí jéró díẹ̀ sí i, ẹ kó èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò lálẹ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi ṣe pàtàkì ju ọkà lọ: ẹ bù ú sínú àwo amọ̀ tí kò jìn, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ̀fọn má bàa fi ṣelé.

Ẹ tún gbọ́ èyí: kòkòrò ni ológoṣẹ́ fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń fín oògùn apakòkòrò sí ẹ̀fọ́, tó tún ń da ọkà fún ẹyẹ, ó ń bọ́ ìyá, ó ń febi pa ọmọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ènìyàn ò tíì jẹun yó, ẹyẹ lo rí sọ." Ó dáa. Ṣé mo ní kí ẹnikẹ́ni náwó ni? Ẹni tí kò kan nǹkan kan, kò jẹ ẹyẹ ní gbèsè. Ẹni tó náwó, tó wá fi owó náà pa á, òun ni mò ń bá wí.

Àpótí pákó tí mo kàn lẹ́yìn náà kò lẹ́wà, kò sì sí àlejò kankan tó yìn ín, ṣùgbọ́n ológoṣẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀ṣọ́, kó lọ ra àwòrán ẹyẹ, kó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀.